Ẹ Tún Yàrá Káàdì Ṣe Ná, Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ńlá

Ẹni tí ilé-ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ Kwara kò ṣàjèjì sí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà ni ìyà aláìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú fèrèsé yàrá káàdì ni. Wọn á wá fáìlì títí, wọn ò ní rí i, wọn á wá ní kó lọ ra káàdì tuntun. Oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí, gbogbo rẹ̀ bá fáìlì lọ. Ohun tí aláìsàn bá rántí ló kù, ta ní sì ń rántí orúkọ oògùn nígbà tí ara ń ro ó?

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ibẹ̀ ni kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ìtọ́jú ìlera. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gé rìbọ́nnì níwájú rẹ̀ lè dúró díẹ̀.

A kò bú ẹ̀rọ ńlá. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní London, ẹ̀rọ CT scan tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán inú ọpọlọ aláìsàn kan láìla orí. Ẹnjiníà ni Hounsfield, kì í ṣe dókítà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ìtànṣán tó gba inú orí kọjá títí yóò fi di àwòrán. Láìsí kọ̀ǹpútà, kò sí CT scan. Ní 1979, wọ́n fún òun àti Allan Cormack ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tí ọ̀kadà gbá lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lè jàǹfààní rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń wo àwòrán yẹn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Inú fáìlì nìyẹn wà.

Ìṣòro tiwa tún ní àwọ̀ tirẹ̀. Ní Ìlọrin, ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ Abdulrasaq lórí káàdì kan, kó jẹ́ Abdulrazaq lórí òmíràn, kó di Rasaki lórí ẹ̀kẹta, bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ sí. Ìyá rẹ̀ á ní Àlàbí lòun ń pè é. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àwọn àgbà wa mìíràn, ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Bí a bá kó irú àkọsílẹ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, rúdurùdu kan náà ni, ó kàn wá ń tàn yanran ni. Nọ́ńbà ló lè yanjú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ní díjíìtì 11. Kí wọ́n so fáìlì mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ní in, kí ilé-ìwòsàn fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n má sì tìtorí ẹ̀ lé e padà sílé. Nígbà náà, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà sí Ìlọrin kò ní máa gbé lẹ́tà pélébé kan kiri bí ẹni gbé ẹyin.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àṣírí á tú. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ìlú tí agbolé ti mọ agbolé ni tiwa. Ẹni tó jókòó sí yàrá káàdì lè jẹ́ ọmọ àbúrò ìyàwó ẹni. Ìròyìn pé lágbájá jẹ́ SS, tàbí pé ó ní HIV, kì í pẹ́ dé etí àwọn àna. Ṣùgbọ́n ṣé ìwé ń pa àṣírí mọ́ ni? Fáìlì tó wà lórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣí i, ẹnì kankan kò sì ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì sílẹ̀, àti wákàtí tó ṣí i. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Kí wọ́n fìyà jẹ ẹni àkọ́kọ́ tó bá yọjú wo ohun tí kò kàn án, kí gbogbo wa sì gbọ́.

Kọ̀ǹpútà náà sì lè pani. Láàárín 1985 sí 1987, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà mú kí Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, da ìtànṣán àpọ̀jù sí èèyàn 6 lára. Àwọn kan kú nínú wọn. Ẹ̀rọ ń gbé nọ́ńbà àṣìṣe jáde, àwọn tó ń lò ó kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé yàrá káàdì fi ṣe kókó lójú wa ju iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ rà lọ.

Iná ńkọ́? Omi Ọya ń yí ẹ̀rọ iná ní Jẹ́bà nítòsí wa níbí, síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Sólà àti bátìrì ni, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí kò lépo nínú. Nígbà tí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ bá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí àwọn aṣòfin láti gúúsù Kwara béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kí wọ́n sì tún béèrè ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà Ọ̀fà ṣe bó bá bàjẹ́ lọ́dún kejì, àti bóyá Ìlọrin ni onítọ̀hún yóò ti wá tàbí Abuja.