Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ: Ọ̀rọ̀ Mets Àti Àwọn Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù Wọn

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń pa òwe yẹn bíi pé ọ̀rọ̀ ahun lásán ni. Lóòótọ́ itọ́ ò wọ́n, ẹnu ẹni ló wà, kò ní ká lọ pọnmi lódò, kò ní ká wá ẹni tó máa bá wa po amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìrì. Ìrì kì í ṣe ìjì, kì í ṣe òjò, kò tiẹ̀ láriwo, ó kàn máa ń sẹ̀ lóru nígbà táyé ń sùn ni. Òwe ò sọ pé ìjì ló máa wó ilé yẹn o, nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń bọ̀ ló máa wó o.

Ẹ̀yìn New York Mets lèmi wà nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Fún ẹni tí ò mọ eré náà, ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ìyẹn pitcher, ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Starter, ìyẹn pitcher tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, lè ju bọ́ọ̀lù 90 sí 100 lọ́jọ́ kan, tó bá ti jù ú, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kó tó tún jáde, torí náà èèyàn márùn-ún ló máa ń gbà á fúnra wọn, síísìn sì jẹ́ eré 162. Apá èèyàn ni, kì í ṣe irin. Iṣan kékeré kan wà nínú ìgúnpá tó máa ń já, dókítà Frank Jobe ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀ fún Tommy John ní 1974, ẹni tó bá sì ṣe é máa jókòó tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrì nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ o, itọ́ gidi náà ti wà nínú eré yìí rí, àwọn pitcher ayé àtijọ́ máa ń tutọ́ sára bọ́ọ̀lù kó lè máa ṣe ségesège, 1920 ni wọ́n fòfin dè é, ó dà bíi pé ọ̀gá tiwa ò tíì gbọ́.

Ilé itọ́ máa ń dúró nígbà míì ṣá, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Kí síísìn 2024 tó bẹ̀rẹ̀, David Stearns tó ń ṣètò tíìmù wa mú Luis Severino fọ́dún kan ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, ó mú Sean Manaea náà, àwọn méjèèjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ó ti tán lára wọn, wọ́n sì jù ú débi pé a dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá kí Dodgers tó lé wa padà sílé. A yọ̀ débi pé ẹnì kankan ò bèèrè bóyá ọgbọ́n ni àbí oríire. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ìgbà tó di oṣù Kejìlá 2024, Steve Cohen tó ni tíìmù gbé mílíọ̀nù 765 dọ́là fún Juan Soto, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe pitcher, kọ́ńtíráàtì ọdún 15. Èmi ò bú u o, Soto mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí ilé tí wọ́n fi páànù olówó iyebíye bò tí ògiri ẹ̀ ti ń sán, ẹni tó ń kọjá lójú títì á máa yìn ín, ẹni tó ń sùn nínú ẹ̀ ló mọ nǹkan tójú ẹ̀ ń rí. Wọ́n jẹ́ kí Severino lọ. Manaea padà, mílíọ̀nù 75 ọdún mẹ́ta. Frankie Montas, mílíọ̀nù 34 ọdún méjì. Clay Holmes tó jẹ́ pé ìparí eré ló ń jù fún Yankees, wọ́n ní kó wá di starter, Griffin Canning sì gba mílíọ̀nù 4 lé díẹ̀.

Holmes ò já wa kulẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n síísìn 2025 ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Montas àti Manaea ti fara pa. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di June 12, a ti borí 45, a pàdánù 24, kò sí tíìmù tó jù wá lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Kodai Senga, starter wa kan, fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù ní base àkọ́kọ́, iṣan ẹ̀yìn itan ẹ̀ fà, ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, iṣan gìgísẹ̀ Canning já láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tó tẹ̀lé June 12 yẹn dé ìparí, a borí 38, a pàdánù 55. Miami ló nà wá 4 sí 0 lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, iye tá a borí dọ́gba pẹ̀lú ti Cincinnati, àwọn ni wọ́n mú wọ ìdíje ẹ̀yìn síísìn torí wọ́n nà wá ju bá a ṣe nà wọ́n lọ. Àwọn fáàn kan wá ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Ayé wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ẹni tí apá ẹ̀ ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ra apá, tí apá ọ̀hún wá dùn ún, ayé ló ṣe yín?

Ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé owó ò sí. Ní 2023 Cohen pe Yoshinobu Yamamoto, pitcher ará Japan, wá jẹun nílé ẹ̀ ní Connecticut, wọ́n ní iye tí Dodgers san náà ló fi lọ̀ ọ́, mílíọ̀nù 325 ọdún 12, Yamamoto lóun ń lọ bá Dodgers ní Los Angeles. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin yẹn ju bọ́ọ̀lù 96 lọ́jọ́ kan nínú àṣekágbá 2025, ilẹ̀ mọ́ ó tún jáde wá jù títí Dodgers fi gba ife, èmi kàn ń wo tẹlifíṣọ̀n, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí amọ̀ gidi bọ́ lọ́wọ́ wa, a ò wá amọ̀ míì, itọ́ la padà sí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ní àárín oṣù Kejìlá 2025, Edwin Díaz tó ń bá wa tilẹ̀kùn, ìyẹn tó ń ju ìparí eré, ti lọ bá Dodgers, a sì ti fi mílíọ̀nù 51 mú Devin Williams dípò. Starter tuntun ńkọ́? Kò tíì sí. A ń ra kọ́kọ́rọ́ sílé tí ò tíì ní ògiri. Ẹ̀ẹ̀rùn la ń mọlé, Stearns, tí síísìn bá dé tán kò sẹ́ni tó máa ta amọ̀ fún ẹ láì gba ojú ẹ sí i.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ní fún Stearns nìyí. Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Nolan McLean, ọmọ tá a tọ́ nínú ilé, ó dé ní August 16, eré mẹ́jọ, ó borí márùn-ún, ó pàdánù ẹyọ kan, méjì yòókù ò sí lórúkọ ẹ̀. Tí tíìmù míì bá ní starter láti tà, orúkọ McLean ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá pé ká fi ṣe pàṣípààrọ̀. Nínú oṣù Kejìlá kan báyìí náà, 1971, la fi Nolan míì, Nolan Ryan, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì gba Jim Fregosi lọ́wọ́ Angels. Fregosi ò lò tó ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Ryan ju bọ́ọ̀lù títí di 1993.