Iyùn Kì Í Ṣe Òkúta, Ẹranko Ni

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí iyùn jẹ́, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án pè é ní òkúta. N kò bá wọn wí. Èyí tí a mọ̀ nílé ni èyí tó wà lọ́rùn ọba: ó le, ó wúwo, ó ń dán. Etíkun Èkó kò sì ní òkìtì iyùn tí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ lọ wò, nítorí iyanrìn àti ẹrẹ̀ odò ń da omi ibẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n èrò yẹn kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ṣe iyùn ní jàǹbá.

Iyùn pupa tí wọ́n ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, egungun tí àwọn ẹranko kéékèèké fi ara wọn kọ́ ni. Ẹranko irú wọn náà ló kọ́ àwọn òkìtì ńláńlá tó wà nínú òkun ilẹ̀ olóoru. Ara ẹranko náà rọ̀, ó ní ẹnu kan ṣoṣo, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní oró sì yí ẹnu náà ká. Púpọ̀ nínú wọn, òru ni wọ́n ń na ọwọ́ jáde láti mú oúnjẹ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ká a padà. Ojú ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dé ibẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń rí òkúta.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣi iyùn mọ̀. Igi olódòdó ni wọ́n kà á sí nígbà tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-André Peyssonnel, sọ fún wọn ní àwọn ọdún 1720 pé ẹranko ni. Wọn kò gbà á gbọ́. Òun ti wo iyùn láàyè nínú omi òkun ní tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Bonaire, erékùṣù kékeré kan ní Kàríbíà tó wà lábẹ́ Netherlands. Láti ọdún 1979 ni omi tó yí erékùṣù náà ká ti di ọgbà ìdáàbòbò. STINAPA, àjọ tó ń bójú tó o, máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé wọ inú omi pẹ̀lú awò ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Junior Rangers.

Ẹ wo bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ. Ọ̀dọ́ kan á gbé férémù onígun mẹ́rin lé orí òkìtì, á ní wálà oníke àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, á máa kọ ohun tó rí sílẹ̀ lábẹ́ omi: ibi tí iyùn ti wà láàyè, ibi tí ewéko ti bò, ibi tó jẹ́ iyanrìn. Ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ iyùn, wọ́n á fi okùn so ègé rẹ̀ kọ́ sára páìpù bí aṣọ tí a sá, wọ́n á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ewéko kúrò lára páìpù náà. Irú tó yẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín lè fi 10 sẹ̀ǹtímítà gùn sí i lọ́dún. Ọmọ tó bá so ègé kan, tó padà wá rí i pé ó ti yọ ẹ̀ka tuntun, ta ni yóò tún sọ fún un pé òkúta ni?

Ẹni tó gbà pé òkúta ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti sinmi. Awọ ara iyùn fẹ́lẹ́, tó bá bó, àrùn lè tibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú omi kì í ju ìdákọ̀ró sórí òkìtì ní Bonaire, ara bọ́ì, ohun tó ń léfòó lójú omi, ni wọ́n ń so ó mọ́. Wọn kò sì jẹ́ kí àwọn òmùwẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n má bàa máa fọwọ́ kàn án.

Ti ooru ló le jù. Inú ara ọ̀pọ̀ iyùn ni ewéko tíntín ń gbé, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Tí omi bá gbóná jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewéko náà á jáde, iyùn á funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn. Tí omi bá tètè tutù, ó lè sọjí. Irú fífunfun bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri Kàríbíà ní ọdún 2023. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé kò lè mú òkun tutù, mo mọ̀. Àmọ́ irú àkọsílẹ̀ wọn yẹn lè fi hàn èyí tó funfun tó sì sọjí, inú irú èyí ni wọ́n ti lè gé ègé tí wọn yóò tún gbìn.