Kí ló pa Lear's, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún?

Ìyá Tẹjú: Ẹnìkan ní àwọn obìnrin tó ti dàgbà kì í ka ìwé ìròyìn, pé ìdí tí Lear's fi kógbá sílé nìyẹn. Irọ́ ni! Ọdún 1988 ni Frances Lear dá a sílẹ̀ ní New York, lẹ́yìn tí òun àti Norman Lear, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ó ní ìwé òun wà fún obìnrin tí kì í ṣe àná ni wọ́n bí i. Nígbà tí wọ́n fi máa tì í ní 1994, nǹkan bí 500,000 ẹ̀dà ló ń jáde. Ta ló wá ń kà á?

Akin Ìbàdàn: Ẹ kú àlàyé, mà. Àmọ́ owó ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, owó náà ló sì ń gbé e ró. Ohun tí ìyá yẹn ná lé e lórí ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Olóòtú kan ń wọlé, òmíì ń jáde. Iṣẹ́ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, ọjọ́ tó bá sú olówó ló parí.

Títí Houston: Bọ̀dá Akin, ọwọ́ ta ni owó ìwé ìròyìn ti ń wá níbí? Ọwọ́ àwọn tó ń polówó ọjà ni, kì í ṣe òǹkàwé. Àwọn onípáúdà àti onílọ́fínńdà sì rèé, ọmọ ọdún 25 ni wọ́n ń lé kiri. Wọ́n ní ẹni 50 ọdún ti mọ ọṣẹ tó ń lò, kò ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fojú fò!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Íntánẹ́ẹ̀tì ló pa wọ́n. More, ìwé ìròyìn tí ilé iṣẹ́ Meredith gbé jáde ní 1998 fún àwọn obìnrin 40 sókè, ṣebí òun náà kú ní 2016.

Ìyá Tẹjú: Àbúrò, ilé ta ni íntánẹ́ẹ̀tì wà ní 1994? Ó dùn mí pé o dárúkọ More. Ní September 2002, wọ́n ya fọ́tò Jamie Lee Curtis, òṣèré fíìmù, ẹni ọdún 43, láìkun àtíkè, nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ lásán, ikùn rẹ̀ rọ̀ bí ikùn abiyamọ yòókù. Wọ́n wá ya òmíì tó ti múra tán, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn 13 ló fi wákàtí 3 tún un ṣe. Ìwé wo ló tún ń bá wa sòótọ́ báyẹn?

Akin Ìbàdàn: Mo gbọ́, mà. AARP, ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Àwọn 50 sókè ni wọ́n ń kọ ìwé tiwọn fún, kò sì sí èyí tó ń tà tó o ní Amẹ́ríkà. A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Títí Houston: Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́! AARP kì í tà á, owó ẹgbẹ́ tí a ń san ló ń gbé e wá sílé, tọkùnrin tobìnrin wa. Bí oníṣòwò kan ò bá polówó níbẹ̀, ìwé ṣì máa jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ṣé àwọn òǹkàwé Lear's ì bá dá irú owó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Tẹjú: Wọn ì bá dá a. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn.