Ọṣẹ Dúdú Kì í Ṣe Ọṣẹ Ìkókó

Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló gbà pé kò sí ọṣẹ tó dára fún ọmọ tuntun tó ọṣẹ dúdú tí àwọn fúnra wọn sè nílé, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wọ̀ wọ́n létí. Ọṣẹ inú páálí ní àwọ̀ àti òórùn tí a kò mọ orírun wọn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà nínú ọṣẹ dúdú ni a lè dárúkọ: èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti àdín. Ṣùgbọ́n pé a mọ orúkọ nǹkan kò sọ pé nǹkan náà kò lè bó ọmọ lára.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọn yóò sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ, wọn yóò sun ún di eérú, wọn yóò da omi lé eérú náà lórí, wọn yóò sì jẹ́ kí omi ọ̀hún máa ro sínú ìkòkò mìíràn. Omi tó ro yìí ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé pọ́táṣì inú eérú ti yọ́ sínú rẹ̀, ó sì lè ta èèyàn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wá sè é pọ̀ mọ́ àdín, àwọn méjèèjì yóò yí padà di ohun kẹta tí à ń pè ní ọṣẹ. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ iṣẹ́ kẹ́míkà, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 14; bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni nǹkan ọ̀hún ṣe kan tó. Omi lásán wà ní 7, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gan-an wà ní nǹkan bí 2, ọṣẹ gidi, ìbáà jẹ́ dúdú tàbí funfun, sì sábà máa ń wà láàárín 9 sí 10. Awọ ọmọ tó ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láyé wà ní nǹkan bí 5, ìwọ̀nba kíkan yìí ló sì ń bá a lé kòkòrò àìsàn sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po 10, láti 5 dé 9 ti di ìlọ́po 10,000. Awọ àgbàlagbà yóò padà bọ̀ sípò láàárín wákàtí díẹ̀. Ti ìkókó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ń fọ ọṣẹ sí i lára láàárọ̀ àti lálẹ́, a kò fún un láyè.

Ibi tí ọṣẹ àsènílé ti wá burú ju èyí tí a rà lọ ni pé ojú lásán ni a fi ń wọn omi eérú. Bí omi náà bá ju àdín lọ, èyí tó ṣẹ́ kù yóò wà nínú ọṣẹ láìyí padà, nítorí náà ìkòkò tó tu ọmọ lára lóṣù yìí lè jó o lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tó tún ń mú kí àwọn ìyá àgbà máa wá ọṣẹ tó le ni ìgbàgbọ́ pé ọ̀rá funfun tí ọmọ gbé wáyé yóò di òórùn ara bí wọn kò bá fi kànhìnkànhìn bó o kúrò. Òórùn abíyá kò tibẹ̀ wá rárá: ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ni ó ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kòkòrò ara bá ń jẹ òógùn. Ọ̀rá yẹn ń dáàbò bo awọ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dá a lábàá lọ́dún 2022 pé kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ tó pé oṣù tí ara rẹ̀ sì le dúró fún wákàtí 24, ó kéré tán.

Àwọn kan tún ń po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọṣẹ náà, èyí tó lè jẹ́ kí oòrùn sun ọmọ lára. Àwọn mìíràn ń po oyin mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 12, ìkókó wo ni kì í sì í ti ọwọ́ bọ ẹnu?

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ tó fún ìwẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ìdọ̀tí bá wà tí omi nìkan kò ká, kí ẹ lo ìwọ̀nba ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọdé tí kò ní òórùn, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Ní ti ọṣẹ dúdú tó wà nílé, èmi náà ń fi wẹ̀. Kí ìyá ọmọ máa lò ó.