“Wọn ò bi èmi rí o”

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lónìí. Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá gbé e pé wọ́n ṣe ìwádìí, pé báyìí-báyìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà wí, ẹni àkọ́kọ́ tó máa fèsì á ní, “Ta ni wọ́n bi? Wọn ò bi èmi rí o.” Ẹnìkejì á fi tirẹ̀ lé e: “Èèyàn 1,600 péré nínú èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù! Ẹ yé é tàn wá.” Ẹ̀rín á sọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ti pé wọn ò bi yín rí yẹn, òótọ́ ni. Wọn ò bi èmi náà rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ọdún 2023 lé ní 93 mílíọ̀nù. Ká ní wọ́n ń bi èèyàn 1,600 mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì, ó máa lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó kárí. Ìgbà wo ló fẹ́ wá kàn yín?

Ṣé 1,600 yẹn wá lè sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wa? Èmi gbà pé wọ́n lè sọ ọ́, bó bá jẹ́ pé bó ṣe yẹ ni wọ́n yàn wọ́n. Bí wọn ò bá yàn wọ́n bó ṣe yẹ, kódà kí wọ́n tó mílíọ̀nù méjì, òfo ni. Sítọ́ọ̀ kòkó ni mo ti rí èyí kí n tó fojú kan ìwé ìṣirò kankan.

Bàbá tó bí bàbá mi ní oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó. Bí wọ́n bá ti di kòkó sápò tán, gíréédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò bóyá ó dára, á dé. Kì í ní kí ẹnikẹ́ni da àpò sílẹ̀. Irin ṣóńṣó kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí inú rẹ̀ dá ihò bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Á ti irin yẹn bọ àpò lókè, á tì í bọ̀ ọ́ láàárín, á tì í bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, kóró kòkó á máa gba inú ihò yẹn já sínú abọ́. Á kúrò níbẹ̀, á bọ́ sídìí àpò mìíràn, èyí tó wu òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí olóko nawọ́ sí. Nígbà tó bá yá, á da gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, á pò ó, á ka 300 kóró sọ́tọ̀, á wá jókòó, á máa fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti bu, ọ̀tọ̀. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, ọ̀tọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ le, tó dà bíi síléètì, nítorí wọn ò jẹ́ kó pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun náà ọ̀tọ̀.

Àpò kòkó kan lé ní ọgọ́ta kílò, kóró kan ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù kan lọ. Inú àpò kan ṣoṣo, kóró tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. 300 ni gíréédà là, nínú òkìtì àpò. Bí èyí tó bu bá sì ti ju mẹ́sàn-án lọ nínú 300 yẹn, kòkó ti já kúrò ní gíréèdì kìn-ín-ní nìyẹn, owó ti dín.

Bàbá àgbà kì í bá wọn jà pé 300 kéré. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ohun tí wọ́n ń bínú sí yàtọ̀: “Ọ̀gá gíréédà, kí ló dé tó jẹ́ àwọn àpò ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan lẹ gún?” Nítorí pé ògiri sítọ́ọ̀ yẹn máa ń mu omi lásìkò òjò, àwọn àpò tó bá fara tì í ló sì máa ń kọ́kọ́ bu.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìwádìí, ibẹ̀ ló wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá yan èèyàn 400 bí ẹni ṣẹ́ kèké, tó fi jẹ́ pé kèké lè mú ẹnikẹ́ni nínú ìlú, èsì wọn kì í sábà yẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ, lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,600, ó di ìdá 2 àbọ̀. Ẹ wò ó: iye èèyàn di ìlọ́po mẹ́rin kí àṣìṣe tó dín sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó fẹ́ náwó dé orí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láìnídìí. Ìlú ńlá ni o, ìlú kékeré ni o, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀, bí kòkó bá ti pò dáadáa. Àjọ Afrobarometer, tó ń ṣe irú ìwádìí yìí káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, bi èèyàn 1,600 ní Nàìjíríà lọ́dún 2022, ojúkojú, ní èdè tí oníkálukú gbọ́. Mo gba tiwọn gbọ́ ju ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fojú rí i lọ́dún 1936. Ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì dá a padà. Mílíọ̀nù méjì! Wọ́n ní nínú ìbò ààrẹ, Alf Landon máa ní ìdá 57 nínú 100, pé ó máa fẹ̀yìn Roosevelt tó wà lórí oyè balẹ̀. Ọjọ́ ìbò pé, Roosevelt kó nǹkan bí ìdá 61. Nínú ìpínlẹ̀ 48 tí wọ́n ní nígbà náà, méjì péré ni Landon rí mú, Maine àti Vermont. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò ni Digest ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn tó bi, lásìkò tí ebi ń pa mẹ̀kúnnù ilẹ̀ náà. Àpò ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n gún, wọ́n kàn gún un nígbà mílíọ̀nù méjì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ George Gallup bi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ó sì mọ ẹni tó máa wọlé. Nígbà tó máa fi di 1938, Digest ti kógbá wọlé. (Kí ẹnikẹ́ni má bá mi fi Gallup ṣe òrìṣà o. Lọ́dún 1948, òun náà ní Dewey ló máa lé Ààrẹ Truman lọ, Truman ló sì wọlé.)

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀, n kò sì wá jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Premise bá ilé ìròyìn Bloomberg bi èèyàn 3,973 lórí áàpù fóònù. Nínú àwọn tó ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún, ìdá 72 nínú 100 ní Peter Obi ni. Nígbà tí INEC ka ìbò ní 2023, Bọ́lá Tinúbú ní 8,794,726, Àtíkù 6,984,520, Obi 6,101,533. Ta ló ń dáhùn ìbéèrè lórí áàpù? Ẹni tó ní fóònù ńlá, tó ní dátà, tí bátìrì rẹ̀ ò tíì kú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Stears náà bi èèyàn 6,220, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú tiwọn: wọ́n ní bí èrò bá ya lọ dìbò, Obi ni, bí wọn ò bá yọjú, Tinúbú ni. Nínú 93 mílíọ̀nù tó forúkọ sílẹ̀, kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó jáde. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé àti ẹni tó tò sórí ìlà lọ́jọ́ ìbò, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

A tún ní ìṣòro mìíràn tí Amẹ́ríkà ò ní. Ọdún 2006 la ka ara wa kẹ́yìn. Wọ́n ní a jẹ́ 140,431,790, wọ́n ní Èkó jẹ́ 9,113,605, ìjọba Èkó sì yarí pé àwọn ka tiwọn, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èèyàn wà kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Lórí ìwé tó ti gbó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ṣùgbọ́n ibi tó burú jù kò sí lọ́dọ̀ ìjọba. Ó wà lọ́wọ́ irú èmi.

Lọ́dún tí mo ń wáṣẹ́ kiri ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ kan gbà mí láti máa bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè nípa iná mànàmáná. Òfin wọn ò ju mẹ́ta lọ. Máa ka ilé, kó o sì wọ ìkarùn-ún. Bó o bá wọlé, kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sórí bébà, ká a, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ẹni tí bébà bá mú, bí kò bá sí nílé, padà wá. Ní Bẹẹrẹ, wẹ́rẹ́ ni. Wọ́n á gbé àga fún mi, wọ́n á bu omi, ìyá àgbà kan tiẹ̀ bínú pé bébà ò mú òun. Ní Bódìjà, ilé karùn-ún ní géètì dúdú gàgàrà, ajá méjì, àti máìgáàdì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu: “Ọ̀gá ò sí nílé.” Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ọkọ̀ ò sí nínú àdéhùn. Ọjọ́ kẹta, òrùn mú, mo wo òdìkejì títì, mo rí obìnrin kan tó ń rán aṣọ lábẹ́ agbòòrùn.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé àdúgbò yìí lẹ̀ ń gbé?”

“Ibi iṣẹ́ mi rèé. Mọníyà ni mo ń gbé. Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń kọ?”

Mo ní kò burú, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Iná? Wákàtí méjì lójúmọ́, bí wọ́n bá ṣàánú. Lálẹ́ ńkọ́? Àtùpà ni.

Mo kọ nọ́ńbà ilé tó ní géètì dúdú sókè ìwé, mo fi ránṣẹ́. Sólà ló bo òrùlé ilé yẹn láti ìkángun kan dé èkejì, mo rí i kedere láti orí bẹ́ǹṣì. Nínú ìwé tèmi, àtùpà ni wọ́n ń tàn níbẹ̀ lálẹ́.