Òórùn tó ń ta nímú kọ́ ló ń fọ ilé mọ́

"Ilé tí wọ́n fọ̀ tí kò ta èèyàn nímú, wọn ò tíì fọ̀ ọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ létí mi nìyẹn láti kékeré. Ẹni tó bá wọlé yín lọ́jọ́ Sátidé tí kò gbóòórùn oògùn, á ní ẹ ò ṣe nǹkan kan láàárọ̀.

Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ tó lè pààyàn sì ni.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń fọ balùwẹ̀ wa. Mo da bílíìṣì síbẹ̀, àbàwọ́n ò kúrò. Mo da oògùn tí wọ́n fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lé e, mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè múná dáadáa. Mo ti ilẹ̀kùn kí àwọn ọmọ má baà wọlé. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọ̀fun mi ti ń ta bí ìgbà tí wọ́n rọ ata sí i. Mò ń wúkọ́, omi ń dà lójú mi, mi ò rí èémí fà délẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló fà mí jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àyà ṣì ń dùn mí.

Sodium hypochlorite ló wà nínú bílíìṣì. Tí ohun kíkan bá ti kàn án, ì báà jẹ́ ásíìdì inú oògùn ìgbọ̀nsẹ̀, ì báà jẹ́ fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, gáàsì klórínì ni yóò tú jáde. Gáàsì yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ní ammonia nínú, ìyẹn ohun tó máa ń mú kó ta nímú. Bílíìṣì tó bá bá a pàdé á di gáàsì mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí a ń pè ní ìmọ́tótó yẹn, májèlé ni imú ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀.

Kí ló wá ń fọ ilé? Ọṣẹ, omi àti apá tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń se ọṣẹ dúdú: wọn á sun èèpo kòkó di eérú, wọn á rọ omi sí i kó máa ro díẹ̀díẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú tó bá jáde á máa yọ̀ lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń fi se àdín títí yóò fi dì. Kò ta nímú rárá. Síbẹ̀, ọṣẹ á fi apá kan di ọ̀rá mú, á fi apá kejì di omi mú. Tí ẹ bá ti ṣan án, ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á bá omi lọ. Ohun tó bá le mọ́ ìkòkò tàbí igbá, ewé eépín á ha á kúrò.

Mi ò ní kí ẹ da bílíìṣì nù. Tí ẹnì kan bá ń bì tàbí tó ń ṣu omi, pàápàá tí onígbáméjì bá wà nílùú bó ṣe jà l'Ékòó lọ́dún 2024, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa, torí ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára bílíìṣì tán. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi omi nìkan la bílíìṣì, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ dà á síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Èèpo funfun tó ń dì sídìí kẹ́túlù ni kẹ́ ẹ lò ó fún, kò sóhun tó mọ̀ ọ́n ṣí bí i rẹ̀. Ẹ má fi kan ilẹ̀ tẹ̀ràsò o: á jẹ òkúta inú rẹ̀, dídán ilẹ̀ náà á sì lọ.