Ẹni Bá Dákẹ́, Tara Ẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ariwo ni òwe yìí ní ká máa pa. Ẹ wo iṣẹ́ Victoria Amelina, òǹkọ̀wé ọmọ Ukraine, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lviv ni wọ́n ti bí i ní 1986. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nígbà tí ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2014. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ajá ló fi sọ ìtàn ìdílé kan nínú ìtàn-àròsọ rẹ̀ kejì. Ọgbọ́n ni, torí imú ajá kì í pẹ́ dé ìdí ohun tí ará ilé fi pamọ́.

Nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine lóṣù kejì 2022, ewì ni Amelina bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó tún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn ogun lọ́dọ̀ àjọ Truth Hounds.

Iṣẹ́ yẹn kò gba wàdùwàdù. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ẹlẹ́rìí. Ẹ má fi ẹlẹ́rìí méjì jókòó pọ̀. Ọ̀rọ̀ èkíní á wọnú ti èkejì. Ẹ má fi èsì sí i lẹ́nu: "Ṣé sójà Rọ́ṣíà ni wọ́n?" ti ba nǹkan jẹ́. "Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀? Èdè wo ni wọ́n ń sọ?" ló dáa. Ohun tó fojú rí, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún un. Ẹni tí oníròyìn bi lónìí, tí ọlọ́pàá bi lọ́la, tí ẹlòmíì tún bi lọ́túnla, ìtàn rẹ̀ á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́yà ọ̀daràn á sì rí ihò gbà wọlé. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni: ẹ wá fọ́tò, ẹ wá àfọ́kù mísáìlì, kó lè gbe ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́sẹ̀.

Lóṣù kẹsàn-án 2022, Amelina dé Kapytolivka lẹ́bàá Izium, nílé Volodymyr Vakulenko, òǹkọ̀wé tí àwọn sójà Rọ́ṣíà gbé lọ lóṣù kẹta. Kí wọ́n tó gbé Vakulenko lọ, ó ti ri ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi ṣẹ́rì nínú ọgbà, ó sì ti sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ títí, kò rí i. Amelina gba ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́ lọ títí ó fi kàn án. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Lítíréṣọ̀ ti Kharkiv ni ìwé náà lọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023. Òkú Vakulenko ti wà lára àwọn tí wọ́n hú ní Izium. Oṣù kọkànlá ni àyẹ̀wò DNA tó fi í hàn.

Ibi tí òwe wa wà nìyẹn. Ká ní Vakulenko ri ìwé mọ́lẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan ni, ìdákẹ́ náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, ẹ kọ déètì àti orúkọ ibi sórí gbogbo ojú ìwé, ẹ fi ẹ̀dà sí ibi méjì, kí ẹnì kan sì mọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2023, mísáìlì Rọ́ṣíà ba ilé oúnjẹ kan ní Kramatorsk, Amelina wà níbẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 1 oṣù keje, ẹni ọdún 37. Ìwé tó ń kọ lórí àwọn obìnrin tó ń ṣàkọsílẹ̀ ogun náà kò tíì parí. Àwọn tó tò ó fún títẹ̀ kò bá a kọ ìyókù: ibi tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ṣókí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tó jáde ní 2025.